Augustine àti Orísun Ìwà Ibi

Ní apá àríwá ilẹ̀ Áfíríkà, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Algeria lónìí, ìlú kékeré kan wà ní ayé àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Thagaste. Abẹ́ ìjọba Róòmù ni ó wà, èdè Látìnì sì ni èdè ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ní ìlú yìí ni a bí Augustine sí ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá, ọdún 354. Patricius baba rẹ̀ kì í ṣe ọlọ́rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ilẹ̀ díẹ̀, tí ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Inú rẹ̀ a máa tètè ru, kò sì gba ẹ̀sìn Kristi títí ó fi kù díẹ̀ kí ó kú. Monica ìyá rẹ̀ yàtọ̀. Onígbàgbọ́ paraku ni, àdúrà lórí ọmọ rẹ̀ kò sì sú u láti ìgbà èwe ọmọ náà títí ó fi dàgbà.

Augustine ní òye púpọ̀, ṣùgbọ́n eré ni ó fẹ́ràn ju ìwé lọ nígbà tí ó wà ní kékeré, pàṣán olùkọ́ sì dé ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà púpọ̀. Èdè Gíríìkì ni ó kórìíra jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láti Thagaste ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú Madauros, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, owó kò tó mọ́. Ó ní láti padà wá jókòó sí ilé fún odidi ọdún kan, nígbà tí baba rẹ̀ ń wá owó tí yóò fi rán an lọ sí Carthage.

Ní ọdún tí kò rí nǹkan kan ṣe yìí ni ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ tí ó lè kéré lójú ẹlòmíràn. Igi péárì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà àjàrà àwọn òbí rẹ̀. Péárì ti àwọn Òyìnbó ni, kì í ṣe èyí tí a ń pè ní píà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní òru ọjọ́ kan, Augustine àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbọn igi onígi náà, wọ́n sì kó èso rẹ̀ lọ. Ebi kò pa wọ́n. Èso náà kò dára ní ojú, bẹ́ẹ̀ ni kò dùn ní ẹnu, èyí tí ó sì dára jù ú lọ wà ní ilé Augustine. Wọ́n jẹ díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì da èyí tí ó pọ̀ jù fún ẹlẹ́dẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ebi ni ó lé wọn dé ìdí igi náà, ọ̀rọ̀ ìbá ti tán níbẹ̀. Ohun tí kò yé Augustine, tí kò sì kúrò ní ọkàn rẹ̀ títí ó fi lé ní ẹni ogójì ọdún, ni ìdí tí ènìyàn fi ń ṣe búburú tí kò mú èrè kankan wá.

Ọlọ́rọ̀ kan ní ìlú wọn, Romanianus, ràn án lọ́wọ́, ó sì dé Carthage. Ìlú ńlá ni, ìlú fàájì. Ní àkókò náà ni baba rẹ̀ kú. Kò pẹ́ tí Augustine fi mú obìnrin kan sọ́dọ̀ láìgbé e ní ìyàwó, obìnrin náà sì bí ọmọkùnrin kan fún un tí wọ́n sọ ní Adeodatus, orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí Ọlọ́runfúnmi. Ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ ni ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, èyí tí àwọn ará Róòmù fi ń di agbẹjọ́rò àti ìjòyè. Nínú ẹ̀kọ́ náà, ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Lójú Augustine nígbà náà, ìwà rere kò ju pé kí ènìyàn má ṣi gírámà sọ, kí ó sì borí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 19, ó kan ìwé Cicero tí wọ́n ń pè ní Hortensius nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìwé náà ti sọnù báyìí, ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó kù. Ìyànjú láti lépa ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí ẹwà èdè rẹ̀ ni àwọn olùkọ́ fi ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kà. Augustine gbàgbé ẹwà èdè. Ohun tí Cicero ń sọ ni ó mú un lọ́kàn, pé ọgbọ́n ni ó yẹ kí ènìyàn máa wá, pé owó, oyè àti ìgbádùn kò lè dípò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ohun tí ó jẹ́ òtítọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi oyè àti ìgbádùn sílẹ̀.

Ó kọ́kọ́ ṣí Bíbélì ìyá rẹ̀ wò. Èdè Látìnì tí wọ́n fi kọ ọ́ kò dùn tó ti Cicero, ó sì pa á dé. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Mani. Mani jẹ́ ará Bábílónì ní ọ̀rúndún kẹta, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ni pé ìjọba méjì ni ó wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ti ìmọ́lẹ̀ àti ti òkùnkùn, tí wọ́n ń bá ara wọn jà. Ìdá kan nínú ìmọ́lẹ̀ ni ọkàn ènìyàn, ṣùgbọ́n òkùnkùn ti há a mọ́ inú ara. Àwọn àyànfẹ́ inú ẹ̀sìn náà kì í jẹ ẹran, wọn kì í sì fi ọwọ́ ara wọn ká èso, nítorí wọ́n gbà pé igi ń jẹ̀rora. Àwọn olùgbọ́ ni ń bá wọn ká a wá. Olùgbọ́ ni Augustine jẹ́ fún bí ọdún mẹ́sàn-án.

Kí ló dé tí ọlọ́gbọ́n ọmọ bẹ́ẹ̀ fi gba ẹ̀kọ́ yìí gbọ́? Ìdí kan ni pé ó dáhùn ìbéèrè rẹ̀ kíákíá. Bí ènìyàn bá ṣe búburú, òun kọ́ ni ó ṣe é, òkùnkùn tí ó wà nínú rẹ̀ ni. Olè ti jà, kò sì sí olè. Inú ọ̀dọ́mọkùnrin kan a máa dùn sí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, pàápàá ẹni tí ó mọ̀ pé ìwà òun kò tọ́, tí kò sì fẹ́ yí i padà.

Ìmọ̀ ọgbọ́n-orí kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n án kúrò nínú rẹ̀. Augustine ka ìwé àwọn amòye tí wọ́n ṣe ìṣirò ìràwọ̀, ó rí i pé wọ́n lè sọ ọjọ́ àti wákàtí tí oòrùn yóò ṣókùnkùn, tí ó sì ń rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé Mani sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa oòrùn àti òṣùpá, ṣùgbọ́n wọn kò bá ìṣirò yìí mu. Àwọn ẹlẹ́sìn náà ní kí ó dúró de Faustus, ọ̀gá wọn, pé yóò tú gbogbo rẹ̀. Faustus dé ní ọdún 383. Ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin, ṣùgbọ́n nígbà tí Augustine gbé ìbéèrè rẹ̀ kalẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun kò mọ ọ̀ràn náà. Augustine yìn ín fún ìjẹ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ nínú Mani bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀.

Ní ọdún kan náà ó kọjá sí Róòmù láti máa kọ́ni, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Carthage ya ìpátá. Monica fẹ́ bá a lọ. Ó tàn án pé ọ̀rẹ́ ni òun ń sìn dé èbúté, ó sì wọ ọkọ̀ lọ ní òru nígbà tí ìyá rẹ̀ ń gbàdúrà ní ilé ìsìn kan létí òkun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Róòmù kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ owó ilé ẹ̀kọ́ bá pé, wọn a sá lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ mìíràn. Ní ọdún 384 ó rí iṣẹ́ ńlá gbà ní Milan, níbi tí ààfin olú-ọba wà.

Ní Milan ni ó wà lọ́jọ́ kan tí ó ń múra láti sọ ọ̀rọ̀ ìyìn fún olú-ọba. Irọ́ ni yóò pọ̀ jù nínú ìyìn náà, ó sì mọ̀ pé àwọn tí yóò pàtẹ́wọ́ fún òun mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń kọjá ní ìgboro, ó rí alágbe kan tí ó ti mu ọtí yó, tí ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkàn Augustine gbọgbẹ́. Alágbe náà súre fún àwọn tí ń kọjá kí ó tó rí owó ọtí rẹ̀. Òun, ọ̀mọ̀wé, irọ́ ni òun ń pa kí òun tó rí ògo tí òun ń wá.

Fún ìgbà díẹ̀ ó tẹ̀lé àwọn amòye tí wọ́n sọ pé kò sí ohun tí ènìyàn lè mọ̀ dájú. Ó ń lọ gbọ́ ìwàásù Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà, nítorí ọ̀nà tí ó gbà ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń wọlé pẹ̀lú. Ní ọdún 386 ni àwọn ìwé kan bọ́ sí i lọ́wọ́, ìwé àwọn ọmọlẹ́yìn Plato, tí Marius Victorinus ti túmọ̀ láti èdè Gíríìkì sí Látìnì. Níbẹ̀ ni ìbéèrè rẹ̀ ti yí padà. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń béèrè ibi tí ìwà ibi ti ń wá, bí ẹni pé ẹrù kan ni tí ẹnì kan gbé wọ ayé. Nísinsìnyí ó rí i pé kò tíì béèrè ohun tí ìwà ibi jẹ́. Òkùnkùn kì í ṣe ohun tí a lè bù sínú igbá. Àìsí ìmọ́lẹ̀ ni. Ìfọ́jú kì í ṣe ohun kan tí ó wọ inú ojú; àìríran ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìwà ibi jẹ́ àbùkù lára ohun tí ó dára. Ìfẹ́ inú ènìyàn ni ó máa ń yẹsẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ohun tí ó tóbi jù, tí ó sì ń lépa èyí tí ó kéré. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìjọba òkùnkùn kan tí Augustine lè ti ẹ̀bi rẹ̀ sí. Òun gan-an ni ó gbọn igi péárì.

Mímọ̀ yàtọ̀ sí ṣíṣe. Monica, tí ó ti tẹ̀lé e dé Milan, ti bá a wá ọmọbìnrin ilé ọlá kan, ọmọ tí ó ṣì kù bí ọdún méjì kí ó tó dàgbà tó ẹni tí òfin gbà láyè láti lọ sí ilé ọkọ. Nítorí ìgbéyàwó yìí ni wọ́n fi lé ìyá Adeodatus padà sí Áfíríkà. Ó lọ, ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kì yóò mọ ọkùnrin mìíràn mọ́. Ọkàn Augustine ya, ṣùgbọ́n kò lè dúró de ìyàwó àfẹ́sọ́nà; ó mú obìnrin mìíràn. Kò sí bí a ti lè yìn ín nínú ọ̀ràn yìí. Nínú gbogbo ìwé tí ó kọ, kò dá orúkọ obìnrin náà. Síbẹ̀, nígbà tí ó sọ ìtàn náà, obìnrin náà ni ó fi hàn bí ẹni tí ó ní agbára láti pa ìfẹ́ inú rẹ̀ mọ́, ó sì fi ara rẹ̀ hàn bí ẹrú.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 386, nínú ọgbà ilé tí ó ń gbé, ìjà inú yìí dé òpin. Ó ń sọkún nígbà tí ó gbọ́ ohùn ọmọdé kan láti ilé kejì. Ó gba ohùn náà bí àṣẹ pé kí òun kàwé, ó ṣí Episteli Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù, ó sì pinnu láti yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà. Ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ambrose ṣe ìrìbọmi fún un ní àjíǹde ọdún 387, pẹ̀lú Adeodatus àti Alypius ọ̀rẹ́ rẹ̀. Monica kú ní Ostia ní ọdún kan náà, bí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà sí ilé. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Adeodatus pẹ̀lú kú.

Augustine di àlùfáà ní ìlú Hippo, Annaba òní, ní ọdún 391, lẹ́yìn náà ó di bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀. Ní bí ọdún 397 ni ó bẹ̀rẹ̀ ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀, níbi tí ó ti tún pe ẹjọ́ igi péárì, tí ó sì dá ara rẹ̀ lẹ́bi: kì í ṣe èso ni ó wù ú, olè náà ni ó wù ú, òun nìkan kì bá sì ti ṣe é bí kò bá sí ẹgbẹ́.

Ẹ̀kọ́ yìí, pé inú ìfẹ́ inú ni rere àti búburú ń gbé, di ìtura fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn tí àwọn ará Goth kó Róòmù ní ọdún 410. Àwọn ọmọ ogun fi ipá ba àwọn obìnrin kan jẹ́, àwọn kan sì ń wò wọ́n bí ẹni àbùkù. Nínú ìwé Ìlú Ọlọ́run, Augustine sọ gbangba pé kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn wọn. Ohun tí ẹlòmíràn fi ipá ṣe sí ara ènìyàn kò lè ba ìwà mímọ́ ẹni tí kò fẹ́ ẹ jẹ́.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà kan kò tẹ̀lé ẹ̀kọ́ ara rẹ̀. Àwọn Kristẹni kan ní Áfíríkà, àwọn ọmọlẹ́yìn Donatus, ti ya kúrò nínú ìjọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àríyànjiyàn nìkan ni Augustine fẹ́ lò fún wọn. Nígbà tí ó yá, ó gbà kí ìjọba fi òfin àti ìyà mú wọn padà, nítorí ó rí àwọn tí ẹ̀rù ti yí lọ́kàn. Ó ṣòro láti mọ bí ìfẹ́ inú tí a fi pàṣán lé ṣe lè jẹ́ rere, àwọn aninilára ìgbà tí ó tẹ̀lé e sì rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbá mú.

Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1981, ó ráhùn nípa àwọn oníṣòwò ẹrú tí wọ́n ń kó àwọn ará Áfíríkà lọ sí òkè òkun láti èbúté Hippo. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ti gba bí 120 ènìyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, àwọn oníṣòwò náà sì ń wá ọ̀nà láti gbà wọ́n padà.

Ní bí ọdún 426 ó kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ, iye wọn jẹ́ 93, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ ibi tí èrò rẹ̀ ti yí padà sílẹ̀. Ní ọdún 430 àwọn ará Vandal dó ti Hippo. Ní oṣù kẹta ìdótì náà ni ibà mú un, ó sì kú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ, ní ẹni ọdún 75. Kò ṣe ìwé ìhágún, nítorí kò ní ohun ìní. Àṣẹ kan ṣoṣo tí ó ti ń tẹnu mọ́ ni pé kí wọ́n tọ́jú àwọn ìwé ìjọ dáradára fún àwọn tí ń bọ̀.