Joseph Ayọ̀ Babalọlá: Wòlíì tó bá àwọn òyìnbó pínyà nítorí oògùn ibà

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, ọkọ̀ ńlá kan tí í tẹ ọ̀nà dákẹ́ lójijì lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Awakọ̀ rẹ̀, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Òdò-Ọ̀wá tí wọ́n bí lọ́dún 1904, jẹ́rìí pé ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti pe òun. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó gbé agogo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wàásù.

Kí ó tó dé, ọ̀rọ̀ ìwòsàn ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwọn Kristẹni Yorùbá. Nígbà tí lùkúlùkú ń pa ènìyàn lọ́dún 1918, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí Joseph Shadare ṣáájú wọn, fi àdúrà kojú àrùn náà. Nígbà tó yá, wọ́n dara pọ̀ mọ́ Faith Tabernacle ti Amẹ́ríkà, tó kọ oògùn gbogbo, ìbáà ṣe àgbo, ìbáà ṣe ti òyìnbó. Inú ẹgbẹ́ yìí ni Babalọlá wá bọ́ sí.

Ní oṣù Keje ọdún 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà. Àwọn aláìsàn wọ́ lọ síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì ń bu omi tí ó gbàdúrà sí. Ìjọba amúnisìn kò fojú rere wò ó. Lọ́dún 1932, ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin.

Kuníìnì dá ìjà sílẹ̀

Lọ́dún 1931, ìjọ náà ti bá Apostolic Church ti Bìrìtìkó ṣe àjọṣepọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó hàn pé àwọn míṣọ́nnárì náà ń lo kuníìnì nítorí ibà. Lójú wọn, Ọlọ́run kan náà ló fún ènìyàn ní ọgbọ́n oògùn. Lójú Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, òfin tí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn ń pa mọ́, kò yẹ kí olùkọ́ rẹ̀ rú u. Wọ́n pínyà nígbà tí ọdún 1940 ń sún mọ́lé. Láti inú ìpínyà náà ni Christ Apostolic Church ti jáde.

Ìjọ náà kò fi àwọn aboyún sílẹ̀ láìní olùtọ́jú. Ó dá ilé ìgbẹ̀bí sílẹ̀, níbi tí àdúrà àti ọwọ́ agbẹ̀bí ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀.

Babalọlá kú ní Ẹdẹ ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1959, wọ́n sì sin ín sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ rẹ̀ ń gbàdúrà, wọ́n sì ń lọ sí ilé ìwòsàn. Síbẹ̀, láti Iléṣà títí dé Siporex ní Abidjan, ìbéèrè náà kò tíì kúrò nílẹ̀ ní ilé onígbàgbọ́ tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná lóru: ta ló ní àṣẹ láti yàn fún ẹni tí kò lè yàn fún ara rẹ̀?