Brezhnev, aṣáájú Sófíẹ̀tì tí àmì ẹ̀yẹ kì í sú

Ẹni tó bá rí fọ́tò Leonid Brezhnev, aṣáájú Sófíẹ̀tì nígbà kan rí, nínú aṣọ ológun rẹ̀, àmì ẹ̀yẹ tó bo àyà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí. Nígbà tó fi máa kú lọ́dún 1982, èyí tó ti gbà nílé àti lókè òkun ti lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ọmọ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ irin ni. Wọ́n bí i lọ́dún 1906 ní Kamenskoye, ìlú tó wà ní Ukraine lónìí. Ó kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ kó tó wọ ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì lọ́dún 1931. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hítílà, ó wà lójú ogun, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń darí ìjà. Iṣẹ́ òṣèlú láàárín àwọn ọmọ ogun ni tirẹ̀, kí ọkàn wọn má baà rẹ̀wẹ̀sì. Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe ojo. Lọ́dún 1943, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá àwọn ọmọ ogun tí Jámánì há mọ́ etí òkun nítòsí Novorossiysk. Àmì ẹ̀yẹ díẹ̀ tó gbà nígbà náà tọ́ sí i.

Ẹ̀yìn tó di aṣáájú lọ́dún 1964 ni nǹkan yí padà. Òun náà ló wà lórí àlééfà nígbà tí Sófíẹ̀tì ta ọkọ̀ òfuurufú ogun fún ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà nígbà ogun abẹ́lé wa. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n fi í jẹ Akọni Sófíẹ̀tì, lọ́dún 1966, 1976, 1978 àti 1981, oṣù Kejìlá tí wọ́n bí i sì ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí. Ẹnì kan ṣoṣo mìíràn tó gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin ni Zhukov, ọ̀gágun tó kó ọmọ ogun wọ Berlin.

Èyí tó wá burú jù ni àmì ẹ̀yẹ Ìṣẹ́gun, tí wọ́n fi dáyámọ́ǹdì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1943 fún ọ̀gágun àgbà tí ìjà tó darí bá yí ogun padà, kò sì tó ogún ènìyàn tó gbà á. Brezhnev gba tirẹ̀ ní oṣù Kejì, ọdún 1978, nígbà tí ogun ti parí láti ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Bí ìgbà tí wọ́n bá fi ẹni tí kò kó ogun lọ rí jẹ Balógun láyé àtijọ́ ni. Wọ́n tún fún un ní ẹ̀bùn Lenin nítorí àwọn ìwé tí àwọn mìíràn bá a kọ.

Àwọn ará ìlú ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ní kọ̀rọ̀, pé àwọn dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí àyà rẹ̀ lè fẹ̀ sí i. Nígbà ìsìnkú rẹ̀, orí tìmùtìmù ni àwọn ọ̀gá ṣọ́jà gbé àwọn àmì ẹ̀yẹ náà lé, wọ́n sì kó púpọ̀ pọ̀ sórí ẹyọ kan torí wọ́n ti pọ̀ jù.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1989, ìjọba Gorbachev gba àmì ẹ̀yẹ Ìṣẹ́gun padà lórúkọ rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Sófíẹ̀tì túká. Ìyà wá jẹ àwọn jagunjagun tó fẹ̀jẹ̀ gba tiwọn débi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tà á fún àwọn àjèjì lọ́jà Moscow kí wọ́n lè rówó jẹun.