YEMI TELLA: KÓÒṢÌ TÍ KÒ FI ÀWỌN ỌMỌ SÍLẸ̀

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lórí pátákó wa lọ́tẹ̀ yìí, ó ti kú kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn bàbá yín tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, wọ́n á rántí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Yemi Tella.

Tí a bá ń dárúkọ àwọn èèyàn bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà, Yekini, Okocha àti Kanu ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Tella ò sí lára irú wọn. Olùkọ́ ni. National Institute for Sports ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní pápá ìṣeré Surulere, l'Ékòó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di kóòṣì. Ẹ ò rí i pé olùkọ́ àwọn kóòṣì ni bàbá yìí! Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n máa pariwo orúkọ èèyàn lórí rédíò.

Nígbà tó yá, wọ́n fa Golden Eaglets lé e lọ́wọ́, ikọ̀ àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn ò ju ọdún 17 lọ. Ẹrù kékeré kọ́ o. Nàìjíríà ló gba ife àgbáyé àwọn ọmọdé àkọ́kọ́ ní Ṣáínà lọ́dún 1985, Sebastian Brodrick-Imasuen ni kóòṣì. A tún gbà á ní Jàpáánì lọ́dún 1993 lábẹ́ Fanny Amun. Láti ìgbà náà, a ò rí i gbà mọ́. Lọ́dún 2005 gan-an, a ò tilẹ̀ yege láti lọ.

Kíkọ́ ọmọ ọdún 16 kì í ṣe bíi kíkọ́ àgbà. Àgbàlagbà ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọdé lè gbá bọ́ọ̀lù dáadáa lónìí, kó di ọ̀la kí ẹ̀rù máa bà á. Ẹni tó bá ń kọ́ wọn gbọ́dọ̀ ní sùúrù olùkọ́, kó sì ní ojú bàbá. Tella ní méjèèjì, iṣẹ́ rẹ̀ sì fi hàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2007, àwọn ọmọ rẹ̀ gba ife ti Áfíríkà ní Togo. Togo fúnra rẹ̀ ni wọ́n nà ní àṣekágbá nílùú Lomé, 1-0.

Ibi tí ayọ̀ ti ń gbèrú ni àìsàn ti wọlé. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe Tella. Ta ni ì bá bá a wí tó bá ní òun fẹ́ sinmi? Àmọ́ nígbà tí ìdíje àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní Kòríà Gúúsù ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, Tella bá àwọn ọmọ náà lọ. Pẹ̀lú àìsàn lára ló fi darí wọn.

Orílẹ̀-èdè 24 ló kópa, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Tella na Faransé, wọ́n na Jàpáánì, wọ́n na Haiti. Wọ́n lé Kòlóḿbìà lọ. Wọ́n fún Argẹntínà ní 2-0. Jámánì tí Toni Kroos wà nínú rẹ̀, Kroos tó wá gba Ife Àgbáyé àwọn àgbà ní 2014, wọ́n fún un ní 3-1. Macauley Chrisantus nìkan gbá góòlù 7 wọlé, kò sì sí ẹni tó gbá jù ú lọ nínú ìdíje náà.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án ni àṣekágbá, nílùú Seoul, pẹ̀lú Sípéènì. David de Gea ló ń ṣọ́lé fún wọn. Wọ́n gbá a títí, ó di 0-0. Wọ́n fi àsìkò kún un, ibì kan náà ló wà. Ló bá di pẹnárítì. Oladele Ajiboye dúró sẹ́nu ilé wa, àwọn ọmọ Sípéènì ò sì rí ẹyọ kan gbá wọlé. Tiwa wọlé lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ọdún 14, ife padà wálé.

Ọjọ́ 41 péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2007, Yemi Tella jáde láyé l'Ékòó. Ẹni ọdún 56 ni.

Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Ti Tella ò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá, torí ojú rẹ̀ rí díẹ̀ lára èrè náà kó tó lọ. Ìyókù ń bẹ lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ tó kọ́. Lukman Haruna tó jẹ́ káápúténì wọn, ọdún 2010 ló wà pẹ̀lú Super Eagles ní Ife Àgbáyé ní Gúúsù Áfíríkà. Kóòṣì rẹ̀ ò sí láyé mọ́, ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Kí ló kan àwa ọmọ Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ó kàn wá dáadáa. Tí inter-house bá ti ń bọ̀, gbogbo wa la máa ń fẹ́ wọ jẹ́sì. Èèyàn mọ́kànlá péré ni pápá sì gbà fún ilé kan. Ẹni tí wọn ò bá mú á bínú lọ sílé, bíi pé bọ́ọ̀lù ti parí fún un nìyẹn. Kò tíì parí o. Ìgbé ayé Tella fi hàn wá pé iṣẹ́ ńlá wà lẹ́yìn ìlà pápá, fún ẹni tó bá lè fi sùúrù kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ JSS 1 wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gba bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ta ni nínú wa ló máa kọ́ wọn?