Murtala Muhammed àti Olú-Ìlú Tó Gbé Kúrò ní Èkó

  Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí kò gbọ́ orúkọ Murtala Muhammed rí. Àwòrán rẹ̀ ti wà lára owó náírà 20 láti ọdún 1977. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Àwọn tó ń gbé Mpape ní Àbújá nínú wa pàápàá, márosẹ̀ tí wọ́n ń sọdá kí wọ́n tó wọ Maitama, orúkọ ọkùnrin yìí náà ló ń jẹ́. Síbẹ̀, bí a bá béèrè ohun tó ṣe láyé, ohun tí ọ̀pọ̀ yóò sọ kò ju pé ológun ni, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ìtàn rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló pinnu pé kí olú-ìlú kúrò ní Èkó, ìpinnu yẹn ló sì ń darí ibi tí owó ìlú ń gbà lọ, ibi tí ilé ìjọba wà, àti ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà dé ibi iṣẹ́ títí di òní olónìí.

Ìlú Kánò ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1938. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ní Zaria, èyí tí a mọ̀ sí Barewa, kí ó tó wọ iṣẹ́ ológun. Sandhurst ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ ogun, ó sì di ọ̀gá ológun ní ọdún 1961. Ó wà lára àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí wọ́n rán lọ sí Kóńgò láti pa iná ìjà níbẹ̀.

Kì í ṣe àjèjì láàárín àwa Yorùbá rárá. Nígbà tí nǹkan dàrú ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1962, tí ìjọba àpapọ̀ fi Dókítà Majẹ́kódùnmí ṣe alábòójútó agbègbè náà, Murtala ni ológun tó ń tẹ̀ lé e káàkiri n'Íbàdàn. Ọmọ Yorùbá náà ló fẹ́ ní ọdún 1963, Àjọkẹ́ ni orúkọ ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì bímọ fún ara wọn.

Ènìyàn tí ara rẹ̀ máa ń yá sí nǹkan ni. Bí ó bá ti gbé ọ̀rọ̀ kan lérí, kì í fẹ́ dúró gbọ́ àtakò. Ó wà lára àwọn tó ṣáájú nínú ìdìtẹ̀ oṣù keje ọdún 1966. Nígbà ogun abẹ́lé, òun ni olórí ẹ̀ka kejì àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó gba Benin padà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1967. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ogun ẹ̀ka yìí pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò gbé ohun ìjà ní Asaba. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun náà wà, a kò sì lè yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú ìtàn rẹ̀ nítorí pé a fẹ́ yìn ín. Lẹ́yìn náà, ó fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi sọdá odò Ọya láti gba Onitsha. Omi gbé ọ̀pọ̀ lọ, ìbọn sì pa ọ̀pọ̀, kí ó tó wá gba ọ̀nà orí ilẹ̀ wọ ìlú náà ní ọdún 1968. Àwọn àgbà kò kúkú purọ́: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1975, nígbà tí Ọ̀gágun Gowon wà ní ìpàdé àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ní Kampala, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi Murtala jẹ olórí. Ẹ jẹ́ ká wo Èkó tó bá nílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ jọ ń gbé inú ìlú kan náà, orí omi sì ni ìdajì ìlú ọ̀hún wà. Afárá Carter àti Afárá Èkó nìkan ló so erékùṣù pọ̀ mọ́ òkè ilẹ̀, nítorí ọdún 1990 ni wọ́n tó ṣí afárá kẹta. Owó epo ti dé, ọkọ̀ ti pọ̀, òṣìṣẹ́ tó bá jí ní kùtùkùtù a tún pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wá di ìṣòro ojoojúmọ́ fún olówó àti tálákà.

Orí omi pàápàá ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ ààbò nìkan ti ra sìmẹ́ǹtì tó tó mílíọ̀nù 16 tọ́ọ̀nù láti òkè òkun, nígbà tí èbúté Èkó kò lè já ohun tó sún mọ́ ọn láàárín ọdún kan. Ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 400 tò sórí òkun, wọ́n ń dúró, owó ìdádúró wọn sì ń gorí ara wọn lójoojúmọ́. Owó ìlú ni wọ́n fi ń san án. Murtala gbé ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì náà fún àwọn olùwádìí. Ó sún ọdún àṣà FESTAC síwájú títí di ọdún 1977, ó sì ní kí wọ́n dín ìnáwó rẹ̀ kù. Ó lé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ju 10,000 lọ lẹ́nu iṣẹ́. Inú ará ìlú dùn, ṣùgbọ́n nínú ìkánjú yẹn, àwọn aláìṣẹ̀ bá ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ.

Ní ti olú-ìlú, kò fi ìkánjú ṣe é. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1975, ó gbé ìgbìmọ̀ ẹni méje kalẹ̀, ó sì fi ọmọ Àkúrẹ́, Adájọ́ Akínọlá Àgúdà, ṣe alága wọn. Ọ̀gbẹ́ni Táí Ṣólàrín ti ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ rí i pé ọwọ́ Yorùbá wà nínú ọ̀rọ̀ Àbújá láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n rin orílẹ̀-èdè já, wọ́n gba èrò àwọn ènìyàn, wọ́n yẹ ilẹ̀, omi, ojú ọjọ́ àti ọ̀nà wò. Oṣù kejìlá ni wọ́n jábọ̀: Èkó kò lè gba ẹrù méjèèjì mọ́, àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè ni kí olú-ìlú lọ, níbi tí ilẹ̀ pọ̀, tí ẹ̀yà ńlá kankan kò sì lè pè ní tirẹ̀ nìkan.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, Murtala kéde rẹ̀ lórí rédíò. Ọjọ́ náà ló sọ ìpínlẹ̀ 12 di 19. Òfin kẹfà ọdún yẹn ya ilẹ̀ tó tó kìlómítà 8,000 níbùú-lóòró sọ́tọ̀, wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò kọ́ ìlú náà. Ó ṣèlérí pé Èkó kò ní di àpatì, pé ìlú àkànṣe ni yóò jẹ́. Ìlérí yẹn kò di òfin títí di òní. Ní ọdún 2016, àwọn aṣòfin àgbà kọ àbá tó fẹ́ sọ ọ́ di òfin.

Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn ìkéde náà ni ikú dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù kejì, Murtala ń ti ilé rẹ̀ n'Íkòyí lọ sí ọ́fíìsì ní Dodan Barracks. Kò fẹ́ràn kí ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ máa lé ènìyàn kúrò lójú ọ̀nà nítorí rẹ̀. Bí gbogbo òṣìṣẹ́ ṣe ń rìn ló ń rìn. Ọkọ̀ Mercedes dúdú rẹ̀ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nítòsí ilé ńlá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Dimka ti ká a mọ́, tí wọ́n sì yìnbọn pa á. Awakọ̀ rẹ̀ kú. Akíntúndé Akinsẹ̀hìnwá, ọ̀dọ́ ológun ọmọ Yorùbá tó ń tẹ̀ lé e, bá a lọ. Ọmọ ọdún 37 ni Murtala, kò sì pé 200 ọjọ́ lórí oyè. Kánò ni wọ́n sin ín sí. Ọkọ̀ tí ìbọn lù bí ajẹ́rẹ́ náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan. Ilé ńlá tó ń lọ kọjá lọ́jọ́ náà sì wà lófo fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ìjọba ti kó lọ sí Àbújá.

Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, ẹni tó bá fi orí tì í dópin ni. Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gba iṣẹ́ náà, wọ́n parí àwòrán ìlú ní ọdún 1979, ìjọba Babangida sì kó wọlé ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ní ó ṣófo, àwọn ènìyàn wà lórí rẹ̀. Àwọn Gbágyì, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Gwari, ti ń dáko láàárín àwọn òkè yẹn kí a tó bí Murtala. Ètò àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n kó gbogbo wọn kúrò, kí wọ́n sì san owó ohun ìní wọn. Nígbà tí wọ́n rí i pé wọ́n pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ, wọ́n yí i padà ní ọdún 1978, pé kí ẹni tó bá fẹ́ dúró dúró.

Mpape wà lára àwọn abúlé Gbágyì tó kù. Àwọn òkè rẹ̀ ni wọ́n fọ́, tí òkúta wọn di títì àti ilé ńlá nínú ìlú. Àwọn tó ń gbọn títì náà, àwọn awakọ̀, àwọn ìránṣẹ́ ọ́fíìsì, àwọn bíríkìlà, kò rí ilé tí agbára wọn ká nínú ìlú tí wọ́n ń kọ́, ni wọ́n bá gba yàrá ní Mpape. Ọ̀kadà ló ń gbé wọn dé etí márosẹ̀ Murtala, nítorí ọ̀kadà kò gbọdọ̀ wọ àárín ìlú láti ọdún 2006. Ní ọdún 2012, ìjọba Àbújá fẹ́ wó Mpape pátá pé kò sí nínú àwòrán ìlú. Àwọn ará ibẹ̀ gba ilé ẹjọ́ lọ, ilé ẹjọ́ gíga sì dá wọn láre ní ọdún 2017.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, èmi kò sí lára àwọn tó ń bínú sí Murtala pé ó gba olú-ìlú lọ́wọ́ wa. Èkó ì bá ti rì bí gbogbo ẹrù bá dúró sórí rẹ̀. Ìpinnu tó tọ́ ni, ó sì ṣe ìwádìí kí ó tó ṣe é. Ohun tí kò tọ́ ni pé àwọn tó gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ ka títì, ka ilé ìjọba, ka ilé mínísítà, wọn kò sì ka yàrá ẹni tí yóò gbọn títì náà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí wọ́n sá fún l'Ékòó ló wá ń pàdé àwọn ará Mpape lówùúrọ̀ lẹ́nu ọ̀nà Maitama.

Lọ́la, nínú wa ni kánsẹ́lọ̀, ẹnjiníà àti mínísítà yóò ti jáde. Bí wọ́n bá tẹ́ àwòrán ìlú síwájú wa pé ká fọwọ́ sí i, ká kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ náà, ká sì béèrè ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa sùn. Kí Ọlọ́run fi orí ji Murtala Muhammed, kí ó sì tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.