Olóyè Lékan Sàlámì: Ìwọ̀n Wo Ni A Ó Fi Wọ̀n Ọ́n?

Ta ni ó ń gbé Ìbàdàn tí kò mọ pápá ìṣeré Adámásìngbà? Orúkọ Olóyè Lékan Sàlámì ni ìjọba fi sọ ọ́. Èmi tí mo ń kọ èyí kò bá olóyè náà láyé, nítorí ọdún 1988 ni ó kú. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbà Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba bá ń jiyàn bọ́ọ̀lù, wọn a máa dárúkọ rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, bóyá ẹ̀yẹ yìí tọ́ sí i.

Ọmọ Ìbàdàn ni, olóṣèlú sì ni. Ṣùgbọ́n alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars, tí à ń pè ní IICC láyé ìgbà náà, ni a mọ̀ ọ́n sí jù. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń jẹ́ IICC ni ó ni ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù kejì ọdún 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Lọ́dún náà gan-an, IICC gba ife líìgì Nàìjíríà, ó sì tún gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé ní góòlù 4 sí 1 nílé. Góòlù 1 péré ni Tonnerre rí san padà. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ṣáájú wọn.

Bí a bá fi ife nìkan ṣe ìwọ̀n, ẹjọ́ tán. Ṣùgbọ́n alága kì í gbá bọ́ọ̀lù. Ní 1977, Rangers ti Enugu fi pẹ́náritì lé IICC kúrò nínú ìdíje kan náà. Bí ife bá jẹ́ ti alága, ṣé tirẹ̀ náà ni pẹ́náritì?

Lójú tèmi, agbára ọwọ́ ọ̀gá ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ wò. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ni ẹgbẹ́ baseball fi Adájọ́ Kenesaw Mountain Landis jẹ olórí eré náà ní 1920. Ní 1921, ó lé agbábọ́ọ̀lù 8 kúrò títí láé, bí ilé-ẹjọ́ tilẹ̀ ti dá wọn sílẹ̀. Alága IICC kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ìjọba ni owó wà, ọwọ́ ará ìlú ni ariwo wà. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni kí ilé tòrò, kí àwọn ọmọ má sì fọ́n ká. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 1984. Nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3 sí òdo láti gba ife Áfíríkà ní 1980, Ọdẹ́gbàmí jẹ 2, Múdà Lawal jẹ 1. Ọmọ IICC ni àwọn méjèèjì.

Àléébù kan wà síbẹ̀. Kò sí alága kan, títí kan Sàlámì, tó yọ ẹgbẹ́ náà kúrò lábẹ́ ìjọba. Ní 1984, Zamalek ti Íjíbítì borí wọn nínú àṣekágbá, ni ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bá tú ẹgbẹ́ ká. Bí wọ́n tilẹ̀ tún un kó jọ, tó sì gba ife CAF ní 1992, ẹni tó ni okùn ló ni ẹran.

Ìdájọ́ tèmi ni pé ẹ̀yẹ náà tọ́ sí i, nítorí àwọn ọmọ tó dúró tì í ju nítorí ife lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa borí rẹ̀ ni ẹni tó bá lè gba okùn ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ ìjọba.