Àìná Ọnàbólú: Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde Tí Ó Mú Ẹ̀kọ́ Àwòrán Wọ Ilé Ẹ̀kọ́ Girama

Ọmọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìpínlẹ̀ wa lónìí yóò bá iṣẹ́ kan pàdé tí wọ́n ń pè ní Cultural and Creative Arts. Nínú rẹ̀ ni àwòrán yíyà, orin, ijó àti eré orí ìtàgé ti pàdé. Ó ṣọ̀wọ́n kí òbí tó béèrè bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe dé inú ìwé àkókò iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ńṣe ni a kàn gbà pé ibẹ̀ ni ó ti wà láti ilẹ̀ wá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, àwọn tí ń ṣàkóso ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ yìí kò ka àwòrán sí ohun tí ó yẹ kí a kọ́ ọmọ adúláwọ̀. Ọkùnrin tí ó dúró tì wọ́n títí wọ́n fi gbà, ọmọ ìpínlẹ̀ yìí ni, ìtàn rẹ̀ sì ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ará Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí Àìná Ọnàbólú ní ọdún 1882. Oníṣòwò ni Jonathan Ọnàbólú, bàbá rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, obìnrin ni a mọ orúkọ yìí mọ́, ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀bú, ọkùnrin náà a máa jẹ́ Àìná. Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí i sí kì í ṣe ibi tí òyìnbó ń wọ̀ bí ó bá ṣe wù ú. Awùjalẹ̀ àti àwọn ìjòyè ni wọ́n di ọ̀nà òwò tí ó ti etí òsà lọ sí Ìbàdàn mú, wọn kò sì fẹ́ kí àwọn oníwàásù wá fìdí kalẹ̀ láàárín wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọ̀n, tí wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Àìná nígbà náà. Lẹ́yìn ogun yìí ni ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí rú jáde bí olú, ìwé tí a tẹ̀ sì bá wọn wọlé: ìwé ẹ̀sìn, ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè, àti àwòrán inú wọn. Àwọn àwòrán wọ̀nyí ni ọmọ náà ń wò, tí ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà sórí ìwé. Kò sí olùkọ́ tí ó kọ́ ọ.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò ní iṣẹ́ ọnà. Àwọn agbẹ́gilére wà, àwọn asudẹ wà, àwọn aláró wà, àwọn amọ̀kòkò náà wà. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ ajíyìnrere, òrìṣà ni ère, iná ni ó sì tọ́ sí i. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ wà láti pèsè akọ̀wé, tíṣà àti oníwàásù. Ìwé kíkà, ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbájú mọ́. Ohun mìíràn tún wà tí ó burú jù èyí lọ. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà náà gbà pé kò sí nínú ẹ̀bùn adúláwọ̀ láti ya ojú ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ojú náà ti rí gan-an. Èrò yìí ni Ọnàbólú fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bá jà, kò sì fi ariwo jà á. Búrọ́ọ̀ṣì ni ohun ìjà rẹ̀.

Nígbà tí ó dàgbà, Èkó ni ó ń gbé, iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ni ó sì ń ṣe. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, a bẹ̀rẹ̀ sí yàwòrán. Ní ọdún 1906 ni ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin pàtàkì Èkó ìgbà náà, pẹ̀lú ọ̀dà tí a ń fi omi pò. Ẹni tí ó bá ti fi irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé kì í gba àṣìṣe: bí ó bá ti mu sínú ìwé, ó ti mu ún nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tí kò ní ọ̀gá kankan ni ó ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn ayafọ́tò ti wà ní Èkó kí ó tó di ìgbà náà, àwọn ọlọ́lá ìlú sì lè lọ jókòó níwájú ẹ̀rọ wọn. Pé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ tún gbà láti jókòó fún ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí ó ń fi ọwọ́ lásán yà wọ́n, ní tiwa, ẹ̀rí ńlá ni.

Síbẹ̀, kí òun nìkan mọ̀ ọ́n kò tó o. Ó fẹ́ kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́, ó sì ń rọ àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ léraléra láti gbà á. Ẹnu àwọn aláṣẹ kò kò lórí ọ̀rọ̀ náà, nítorí wọn kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí wọ́n náwó lé e. Ní ọdún 1920 ni ó ya àwòrán Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, oníṣègùn tí ó ti fi ara rẹ̀ wéwu nígbà kan rí láti mọ àṣírí àwọn abọ̀ṣọ̀pọ̀ná, kí àrùn náà lè kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ọnàbólú tẹ ìwé pélébé kan jáde lórí iṣẹ́ ọnà, A Short Discourse on Art, tí ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni. Ní ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ní iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ ní Èkó ti di ẹni tí à ń kí ní òpópónà. Kì í tún di ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ó jókòó láàárín àwọn ọ̀dọ́ ní St John's Wood Art School, ó sì tún kẹ́kọ̀ọ́ ní Académie Julian ní Páríìsì. Ní ọdún 1922 ni ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú iṣẹ́ tí ó ṣe ní ọdún náà ni àwòrán tí a mọ̀ sí Sisi Nurse wà, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó jókòó tẹ̀yẹ-tẹ̀yẹ, tí kò sí ohun ẹlẹ́yà kankan nínú bí a ṣe yà á.

Ó padà sí Èkó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni. King's College wà lára ibi tí ó ti kọ́ni, bẹ́ẹ̀ náà ni CMS Grammar School, Eko Boys' High School àti ilé ẹ̀kọ́ ọmọkùnrin ti àwọn Wesley. Ẹ rò ó wò: ẹni kan ṣoṣo, ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, òun náà sì tún ń yàwòrán fún àwọn tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Ohun tí ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ṣe kókó. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú irin rélùwéè ṣàlàyé rẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró láàárín ojú irin, tí ó wo ọ̀kánkán, yóò rí i pé irin méjèèjì ń súnmọ́ ara wọn títí wọn yóò fi dà bí ẹni pé wọ́n pàdé. Wọn kò pàdé. Ojú ni ó rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ òfin bí ohun tí ó jìnnà ti í kéré, àti ibi tí àwọn ìlà ti í pàdé, lè mú kí ìwé pẹlẹbẹ dà bí ẹni pé ó ní inú. Òfin yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní perspective, Ọnàbólú sì tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ ọ́ ní Mr. Perspective. Orúkọ ìnagijẹ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá fún tíṣà kì í sábà tàsé.

Nígbà tí iṣẹ́ náà pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, ó bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn kún òun. Ní ọdún 1927 ni Kenneth Murray dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí. Ní ọdún 1925, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gbé ìlànà kan jáde pé kí ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà bá àṣà àwọn ènìyàn ibẹ̀ mu. Murray gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ máa gbẹ́gi, kí wọ́n máa mọ̀kòkò, kí wọ́n sì máa ya ohun tí wọ́n rí ní abúlé wọn, láìjẹ́ pé wọ́n ń ṣe bí òyìnbó. Ọnàbólú ní tirẹ̀ gbà pé àwọn babańlá ti fi ère hàn pé àwọn mọ ọnà, pé ohun tí wọ́n sọ pé ọmọ adúláwọ̀ kò lè ṣe ni ó yẹ kí ọmọ náà kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni òyìnbó ṣe ń gbèjà àṣà wa, tí ọmọ wa sì ń gbèjà ìmọ̀ òyìnbó.

A kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn jẹ̀bi. Lára àwọn tí Murray kọ́ ni Ben Enwonwu ti jáde, Murray fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣe agbátẹrù ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí wọ́n ṣí ní Èkó ní ọdún 1957. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ọ́: bí kò bá sí ẹ̀bẹ̀ Ọnàbólú, kò sí ohun tí ì bá gbé Murray wá. Nígbà tí ó sì di ọdún 1958, tí àwọn ọ̀dọ́ bíi Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo kó ara wọn jọ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ní Zaria, ohun tí wọ́n ń wá ni bí wọn yóò ṣe pa ohun méjèèjì pọ̀, ìmọ̀ ilẹ̀ òkèèrè àti ogún ilé. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń náwó lé ni wọ́n ti ń jiyàn náà.

Ọnàbólú ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí di ọjọ́ ogbó. Ní ọdún 1953, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó ṣì ń ya àwòrán agbẹjọ́rò kan pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1963. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé àwòrán ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ìgànmú ní Èkó.