Dunlop: Dókítà ẹranko tó fi afẹ́fẹ́ sínú táyà, tí ẹlòmíràn sì jẹ èrè rẹ̀

Kò sí àgbàlagbà tó ti wa mọ́tò rí nílẹ̀ Yorùbá tí orúkọ Dunlop ṣàjèjì sí. Wọ́n kọ ọ́ sára táyà, wọ́n tún fi ń pe sálúbàtà onírọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí balùwẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ náà sì ṣe táyà n'Ìkẹjà fún ohun tó lé ní ogójì ọdún kó tó dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn tó ń ra táyà ló mọ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé dókítà ẹranko ni, àti pé òbítíbitì owó tí táyà náà pa kò dé ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 1840 ni wọ́n bí John Boyd Dunlop sí abúlé Dreghorn nílẹ̀ Scotland. Àgbẹ̀ ni wọ́n nínú ilé wọn. Ó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko nílùú Edinburgh, ó sì ṣí lọ sí Ireland ní ọdún 1867. Òun àti arákùnrin rẹ̀, James, ni wọ́n jọ ṣí ilé ìtọ́jú ẹranko sí Downpatrick, kí Dunlop tó wá fìdí kalẹ̀ sí Belfast. Nígbà náà, ẹṣin ló ń fa ẹrù káàkiri ìgboro, nítorí náà iṣẹ́ kò wọ́n ọn rárá.

Òkúta ni wọ́n tẹ́ sí títì Belfast. Johnnie, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, rọ́bà gbagidi tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú ni wọ́n sì fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọ náà bá gùn ún, ṣe ni kẹ̀kẹ́ náà ń gbo ó jìgìjìgì.

Lóṣù kẹwàá ọdún 1887, Dunlop wá nǹkan ṣe sí i. Ó gé pákó rìbìtì kan, ó fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ohun kan tó ní ihò nínú bí ìfun ẹran, ó fi aṣọ ọ̀gbọ̀ bò ó, ó kàn án mọ́ etí pákó náà yíká, ó sì fi páńpù bọ́ọ̀lù fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló tú ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, ó yí i lọ sílẹ̀ nínú àgbàlá. Kò rìn jìnnà tó fi ṣubú. Ó wá yí ti onípákó. Èyí sáré dé òpin àgbàlá, ó kọlu òpó ẹnu géètì, ó sì ta padà. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ jò lọ́nà oko rí yóò mọ ohun tí Dunlop rí lọ́jọ́ náà. Rọ́bà líle gbọ́dọ̀ gun orí òkúta kọ̀ọ̀kan kó tó kọjá, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ máa ń yẹ̀ fún òkúta, agbára kì í sì í ṣòfò.

Lóṣù kejìlá ọdún 1888, ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ pé òun ló ni iṣẹ́ náà. Àwọn ènìyàn fi táyà wúwú náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún ọdún 1889, nígbà tí Willie Hume gbé kẹ̀kẹ́ onítáyà afẹ́fẹ́ wá síbi ìdíje kan ní Belfast, tó sì gba ipò kìn-ín-ní nínú eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó sá. Àwọn ọmọ oníṣòwò kan láti Dublin, Harvey du Cros, wà lára àwọn tí Hume fẹ̀yìn wọn balẹ̀. Bàbá wọn kò bínú, ìdí òwò ló wò. Lọ́dún yẹn gan-an ló dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lórí táyà náà, Dunlop sì yọ̀ǹda ìwé àṣẹ rẹ̀, ó gba ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà.

Àṣé ẹnìkan ti ṣe é ṣáájú rẹ̀! Ní ọdún 1890 ni àṣírí tú pé Robert William Thomson, ọmọ Scotland bíi tirẹ̀, ti gba ìwé àṣẹ táyà alafẹ́fẹ́ láti ọdún 1845. Bí ìwé Dunlop ṣe di asán nìyẹn.

Ohun mìíràn ló kó ilé-iṣẹ́ náà yọ. Wọ́n máa ń lẹ táyà àkọ́kọ́ náà mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni, bó bá sì jò, iṣẹ́ ńlá ni láti tú u. Ní ọdún 1890, Charles Welch àti William Bartlett, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, rí ọ̀nà tí táyà yóò fi ṣeé bọ́ kúrò lára rímù. Ilé-iṣẹ́ du Cros ra ẹ̀tọ́ àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ fọkanáísà ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ táyà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjàpá Volkswagen ń lo rímù 15, Peugeot 504 ń lo 14. Bí wọ́n bá kọ 185/65R14 sára táyà, 185 ni ìbú rẹ̀ ní mìlímítà, 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìbú náà, 14 sì ni rímù. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ibí yìí ni táyà tòkunbọ̀ ti máa ń tan ènìyàn, nítorí ojú rẹ̀ lè jinlẹ̀ dáadáa nígbà tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó, tó ti ń sán wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kódà táyà tuntun tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó yóò gbóná títí yóò fi bẹ́, torí afẹ́fẹ́ Dunlop yẹn ló ń gbé mọ́tò, kì í ṣe rọ́bà.

Dunlop kúrò nínú ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 1895. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tà á ní mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn. Kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n ń pín owó, ó wà ní Dublin níbi tó ti lọ́wọ́ nínú òwò aṣọ. Èyí tó dùn ún jù ni pé wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ sínú ìpolówó, wọ́n fi í ṣe gbajúmọ̀ aláfẹ́ tó dé fìlà gogoro, tó mú ọ̀pá dání. Ó pe ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́jọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní London.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹwàá ọdún 1921 ló kú ní Dublin, ẹni ọdún 81. Ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, báńkì kan ní Belfast tẹ àwòrán rẹ̀ sára owó 10 pọ́n-ùn, pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, láìsí fìlà gogoro.